Ta Ló Ń San Owó-Orí Nígbà Náà?

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pé kò sí ibi ìdána tí alága ìjókòó kò ti ní kọjú sí ìyàwó kó sọ fún un pé láyé àtijọ́, ilé ni obìnrin Yorùbá máa ń wà, tí ń tọ́mọ, tí ń dáná de ọkọ, àti pé òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin dé tó fi fa ìyá kúrò nídìí ọmọ. Bí ohun tí wọ́n ń wí kò bá ju pé ọmọ nílò ìyá rẹ̀ lọ, a ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n "àṣà wa" ni wọ́n ń pè é. Àṣà ta ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1918, ìjọba òyìnbó gbé owó-orí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Àdúbí, tí àwọn ará ìlú fi kọ̀ ọ́, sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé wọ́n bu owó-orí yìí fún obìnrin lọ́tọ̀, kì í ṣe lórúkọ ọkọ. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wọ ìwé agbowó-orí, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì san kọ́bọ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ní ìlú òyìnbó yìí kan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ìyàwó bá rí, owó ọkọ ni òfin owó-orí kà á sí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di 1990. Kí ló dé tí wọn kò gbé òfin ilé wọn wá bá wa? Nítorí pé wọ́n ti rí ọjà ni. Wọ́n rí aláró tó ń pa àdìrẹ láró, wọ́n rí elépo, wọ́n rí alájàpá tó ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì, wọ́n sì mọ̀ pé àpò ọkọ lọ́tọ̀, àpò ìyàwó lọ́tọ̀. Agbowó-orí kì í lọ síbi tí kò sówó. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni àwọn ìyá wa jókòó sílé lóòótọ́, a jẹ́ pé ọmọ títọ́ ni ìjọba ń gba owó-orí lé lórí nìyẹn! Nígbà tí ìnira náà sì pọ̀ jù, àwọn obìnrin ọjà yìí, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn, ló ya bo ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ní 1947. Aláké Ademola Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà pé kó jẹ́ káwọn jáde nílé lọ ṣiṣẹ́. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀.

Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí. "Ìyàwó ilé" tí wọ́n ń fi dẹ́rù bani lónìí, gbogbo obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọ agbo ilé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti aláta àti aláṣọ. Ẹni tó fẹ́ pe obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan ju ilé lọ, "fúlú háúsìwáìfù" ló ń wí. Irú àṣà wo ni kò lórúkọ lẹ́nu àwọn tó ni ín? Ọkọ ìyàwó tuntun ńkọ́, tí wọ́n ń retí kó wá owó òwò fún aya rẹ̀? Ìyálóde Tinúubú oníṣòwò ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó ra ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n á ní ọmọ ń bàjẹ́ bí ìyá bá ń jáde. Olikóyè ọmọ Fúnmiláyọ̀ di mínísítà ètò ìlera.

Wọ́n á tún ní ìyá àgbà àti orogún ló ń bá wọn gbọ́mọ nígbà náà. Òótọ́ pọ́ńbélé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: agbo ilé ló tú, kì í ṣe obìnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí bàbá gbé ọmọ pọ̀n, kí ilé iṣẹ́ sì pa òfin mọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọ̀gá mélòó ló tilẹ̀ gbọ́ ọ rí? Obìnrin tó bá fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀, kó jókòó, a ò bá a jà. Kí wọ́n má ṣáà parọ́ mọ́ ìyá ìyá rẹ̀ kó tó jókòó.

Alága ìjókòó tó bá sì tún fẹ́ sọ ọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti sanwó iṣẹ́ fún un, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń bá a gbé ọmọ tirẹ̀.