Owó orí fóònù dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò kan ilẹ̀kùn?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí òfin kónílé-ó-gbélé nìkan kò fi lè tó nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Covid-19. Ohun tí ìjọba Tógò ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 yẹ fún ìyìn. Ètò Novissi, tó túmọ̀ sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní èdè Ewe, fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọlọ́kadà, onídìrí àtàwọn ọlọ́jà. Kò sí pé à ń tò, fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì náà sì tó o ṣe. Ní agbègbè Lomé, ọkùnrin ń gba 10,500 fáráǹsì Sẹ́fà lóṣù, obìnrin ń gba 12,250, torí obìnrin ló sábà ń gbọ́ bùkátà oúnjẹ ilé.

Àmọ́ káàdì ìdìbò ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Arúgbó tí kò ní káàdì ńkọ́? Ẹni tí kò ní fóònù ńkọ́? Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sábà tòṣì jù. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Òṣìṣẹ́ ètò ìgbáyégbádùn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ló lè mọ̀ ọ́n.

Kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé, ó yẹ kí àwọn ìjọba Áfíríkà náwó lé méjèèjì: fóònù tó yára, àti ẹsẹ̀ tó ń dé ibi tí fóònù kò dé.