Ibà Lè Má Jẹ́ Ibà Lásán Lára Ẹni Tó Pààrọ̀ Ẹ̀dọ̀

Bí ẹnì kan bá ti òkè òkun dé sí Zone 4 ní Abidjan lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tẹbí tará ni yóò wá kí i kú ewu. Àdúgbò náà, tó wà ní Marcory, kì í tètè sùn. Ilé oúnjẹ pọ̀ ní òpópónà Pierre et Marie Curie, àlejò kò sì wọ́n. Àwọn Yorùbá náà kò kéré ní Abidjan, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọn yóò dúpẹ́, wọn yóò se àsè. Lójú gbogbo wọn, ogun ti parí.

Ká ní lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ara ẹni náà gbóná, òtútù sì ń mú un. Ohun tí ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ibà ni." Wọn yóò ra oògùn ibà, ìyá àgbà yóò gbé àgbo kaná. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀. Iṣan ńlá kan ń gbé e wá láti inú ìfun. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀ ló ń gba ibẹ̀. Iṣan kejì kéré, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn wá, tó kún fún ọ́síjìn, ló ń gbé. Òun ló ń bọ́ àwọn ọ̀nà tín-ínrín tí omi òróòro ń gbà jáde. Bí iṣan yìí bá dí lára ẹni tó ń lo ẹ̀dọ̀ àbínibí rẹ̀, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ mìíràn lè gbà á sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tuntun kò ní irú wọn níbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti gé wọn nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lára ẹni tó fi í tọrẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbi tí oníṣẹ́ abẹ ti rán iṣan náà pọ̀, ọ̀nà omi òróòro á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kòkòrò àrùn á wọlé, ara á sì gbóná.

Nígbà tí Thomas Starzl kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ènìyàn ní Denver, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963, aláìsàn náà kò yè é. Ọwọ́ àwọn dókítà ti dá ṣáká sí i lónìí, síbẹ̀ iṣan kékeré yìí ṣì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009, tó kó iṣẹ́ abẹ tó lé ní 21,000 jọ, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tètè dì níbẹ̀ lára bí àgbàlagbà 3 nínú 100, àti ọmọdé 8 nínú 100. Ó lé ní ìdajì wọn tí wọ́n tún ẹ̀dọ̀ pààrọ̀ fún. Bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló kú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi sikáànù wo iṣan náà lemọ́lemọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

Èyí tó bá pẹ́ kó tó dí ló ń bá ènìyàn nílé. Ó lè má fi àmì kankan hàn. Ó sì lè jẹ́ ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ojú tó di àwọ̀ iyeyè, ìtọ̀ tó dúdú tàbí ara yíyún.

Kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn wò lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò lọ́jọ́ kan náà: ẹ̀jẹ̀ àti sikáànù iṣan. Kí wọ́n pe ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Àgbo kò yẹ é, nítorí ó lè ba iṣẹ́ oògùn tí kò jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ náà jẹ́. Sìgá náà ń mú kí ewu iṣan yìí pọ̀ sí i.

Ìrètí wà. Eric Abidal, agbábọ́ọ̀lù Barcelona, gba apá kan ẹ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ lọ́dún 2012. Lọ́dún 2013 ó ti padà sórí pápá. Ẹ̀dọ̀ tuntun lè pẹ́ lára, bí ará ilé kò bá fi ara gbígbóná ṣeré.