Bí Ẹkún Ẹnì Kan Ṣe Ń Di Òfin

Iṣẹ́ méjì ni ẹgbẹ́ tí ń gba obìnrin nímọ̀ràn ń ṣe: ó ń tu ẹni tí ó wá sunkún nínú, ó sì ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ kí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ó bá jẹ́ olórí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omijé nìkan kì í yí aṣòfin lọ́kàn padà. Kí ó rí i pé a kọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a sì fi orúkọ pamọ́. Kí ó má ṣe mú opó kankan lọ síwájú ìgbìmọ̀ bí kò bá fi tinútinú gbà.

Kí ó ní sùúrù pẹ̀lú. Ọdún 2002 ni àbá òfin lórí ìwà ipá sí obìnrin dé ilé aṣòfin ní Àbújá. Ọdún 2015 ni ó tó di òfin. Ó sọ fífi ipá léni jáde nílé àti fífi àṣà jẹ opó níyà di ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe tiwọn.

Nítorí náà, bí ìyà bá dé, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti ń kọ owó ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.