Ọ̀rọ̀ Méjìlá Tí Ó Yẹ Kí Ó Jẹ́ Yorùbá

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Agbowó, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí bàbá arúgbó kan wọlé. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun ni ó ní kí ó ṣí àpótí ímeèlì lọ́dọ̀ Proton, kí ará ilé má baà rí ohun tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ nípa ilẹ̀ ìdílé. Ọmọkùnrin tí ó ni ṣọ́ọ̀bù bá a ṣí i. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá jáde, tí ó ní kí bàbá fi wọ́n pamọ́, bàbá kò lè kà wọ́n. Ọmọkùnrin náà ni ó kà wọ́n sókè, òun náà ni ó kọ wọ́n sínú ìwé tirẹ̀, ó ní, “Kí wọ́n má baà sọnù ni, bàbá.” Gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀ ni a gbọ́ wọn.

Ohun tí bàbá fún un kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n pàdé ní CERN ni wọ́n dá Proton sílẹ̀ ní Geneva ní 2014. Bí ẹni méjì bá ní àpótí níbẹ̀, orí ẹ̀rọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà ni a ti ń tì í pa, ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò sì lè kà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù lè gba òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà àtijọ́ yóò wà ní títì, àfi bí ó bá ní ọ̀rọ̀ méjìlá náà tàbí ohun mìíràn tí ó ti fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mú ọ̀rọ̀ méjìlá náà dání ti di onílé.

Ilé iṣẹ́ náà a máa gba àbá lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń béèrè pé kí a máa ti àkọlé lẹ́tà náà pa, nítorí kò sí lábẹ́ ààbò kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ihò tí ọ̀rọ̀ tiwa ń gbà jò kì í ṣe ti àkọlé. Ti èdè ni.

Àwọn baba wa tí ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ èyí. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Ìró ẹẹ́fà ni ó gbé ìtumọ̀ náà. Èdè fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá ní Yorùbá. Kì í ṣe ohun àjèjì: láti 2013 ni àwọn tí ń fi owó pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ti ní ìwé ọ̀rọ̀ 2,048 tí a ń ṣà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, Faransé, Jàpáàn àti Kòríà sì ní tiwọn. Ìjòyè kan ní Bódìjà bi mí pé kí ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo ní kí ó rántí iye ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ti dá. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì bi mí mọ́.

Ṣíṣà wọn ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù kò ní àmì, nítorí náà ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò lè wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò yẹ kí a fi èyí sílẹ̀ fún àjèjì. Mo ti kọ 100 àkọ́kọ́, mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Labalábá ti wọlé. Mo yọ ọ̀pọ̀lọ́ kúrò nítorí ọpọlọ.