Ẹ Má Fi Yúrò Ra Èsì WAEC

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Nínú owó "special centre" tí wọ́n ń san ní Nàìjíríà, owó tiwa tí a wà lókè òkun wà níbẹ̀. Àwa kan náà la sì máa ń yínmú sí ẹni tó bá ní GCE lòun fi wọ yunifásítì.

Ẹ lọ sí Dublin Airport nígbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ó rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń tú ẹrù palẹ̀ nítorí kílò mẹ́ta tó lé. Èyí ń gba Istanbul lọ sí Èkó, tọ̀hún ń gba Paris. Ní December tó kọjá, mo sin ẹnìkan lọ síbẹ̀. Arábìnrin kan tó wà níwájú wa lórí ìlà fi àpòòwé lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní: "Owó special centre ọmọ yẹn nìyí o. Kí wọ́n ṣe é kó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fẹ́ gbọ́ GCE létí mi." Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ owó aṣọ ilé ìwé ló ṣe sọ ọ́.

Kí wá ni GCE tí à ń sá fún bí ẹni sá fún ẹ̀tẹ̀? Ìdánwò WAEC ni, fún ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé ìwé kankan. WASSCE for Private Candidates ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé báyìí, GCE la ṣì ń pè é. WAEC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 náà ló ń ṣe é, láti 2018 sì ni wọ́n ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Nàìjíríà.

Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ọmọ ilé ìwé, ilé ìwé ló ń bá a fi orúkọ sílẹ̀, ilé ìwé ló ń fi máàkì continuous assessment rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe GCE, òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ sílẹ̀. Ó tẹ̀ka, ó sì lọ jókòó nínú gbọ̀ngàn tí tíṣà kankan ò ti mọ̀ ọ́n. Kò sí máàkì kankan nílẹ̀ dè é. Kò sí ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ́ fi èsì rẹ̀ polówó ọjà. Ohun tó bá kọ lọ́jọ́ náà ni tirẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí olè nínú GCE o. Olè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ní special centre, ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló ń ta ìdáhùn. Ṣé ó wá yẹ ká máa bu ọlá fún ìwé tí wọ́n rà, ká sì máa fi èyí tí ọmọ dá kà ṣẹ̀sín?

Ṣebí Awólọ́wọ̀ la fi ń yangàn? Ìwé tí ó ń kà fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà ló fi gba B.Com ti University of London ní 1944, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Níbí ní Ireland, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ State Examinations Commission láti ṣe Leaving Cert láìsí lábẹ́ ilé ìwé. External candidate ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ilé ìwé ń dáhùn ní June. Mi ò tíì gbọ́ kí ará Ireland kan fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìṣirò wà lára kírẹ́díìtì márùn-ún tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa, GCE sì ni mo fi gba tèmi. Ẹ gbọ́: ọmọ kan wúwo tó kílò 12. Dókítà ní kí a fún un ní paracetamol, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Oògùn inú ìgò jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Mílílítà mélòó la máa fà? 7.5 ni. Ní aago mẹ́ta òru, tí ọmọ ń sunkún, tí ìyá rẹ̀ ń wojú ẹ, kò sẹ́ni tó máa wá kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ẹ ní wọ́ọ̀dù.

Àwọn kan á ní, "Ọdún kan á ṣòfò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti ṣíwájú." Mo gbọ́. Àwọn yunifásítì kan kì í fẹ́ gba èsì ìjókòó méjì, ìyẹn sì dùn mí. Àwọn tó ń gbà á ṣì pọ̀, wọ́n ń gbà á fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ọdún kan kí ni lára ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún? Tí WAEC bá wá fagi lé èsì tí ẹ rà ńkọ́? Òfin Nàìjíríà ka màgòmágó ìdánwò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ má dáwọ́ owó dúró. Ẹ fi san lẹ́sìn tó dáa láti January. Ẹ fi ra ìwé past questions. Tí May/June kò bá bọ́ sí i, ẹ san owó fọ́ọ̀mù GCE, kí ẹ sì pe ọmọ náà lórí WhatsApp lálẹ́ Sunday, kí ẹ bi í léèrè ohun tó kà lọ́sẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi owó special centre ránṣẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.