Ẹnu Kọ́ Ló Dí, Ọ̀nà Ni Kò Sí

Láti ọwọ́ akọ̀wé wa ní Kùtọnú

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá tí í ṣe Ọjọ́ Ìlera Ọpọlọ Lágbàáyé bá ti ń sún mọ́lé, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń gbé jáde ní Kùtọnú: ẹ sọ̀rọ̀ síta, ẹ má dákẹ́, ẹ má dá ru ẹrù ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọlé nígbà tí wọ́n ya Ọjọ́ Ìlera Lágbàáyé ti ọdún 2017 sọ́tọ̀ fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́. Mínísítà ń sọ ọ́, pásítọ̀ ń sọ ọ́, ilé iṣẹ́ fóònù fi ń polówó. Ẹnikẹ́ni kò sì lòdì sí i rí, ohun tó yẹ kó fu èèyàn lára nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí gbogbo alágbára ìlú lè jọ gbà láìjà, ó ní láti jẹ́ èyí tí kò ní ná ìkankan nínú wọn ní nǹkan kan.

Àwọn ará Akpakpa ní Kùtọnú ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ fún onídìrí, fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà, fún ìyá ìjọ, fún ọlọ́kadà tó gbé wọn kọjá afárá lọ sí ọjà Dantokpa. Wọ́n ń sọ pé oorun ò wá, pé oúnjẹ ò wọlé, pé àyà ń já láìsí ohun tó lé wọn. Ẹnu kọ́ ló dí. Ọ̀nà ni kò sí. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sọ ọ́ tán, ibo ni kó gbà lọ?

Ká mú obìnrin oníṣòwò kan láti àdúgbò Sègbéyà, ẹni bí ogójì ọdún, tí ń kó aṣọ lọ sọ́jà láràárọ̀. Bóyá ọjà ló dẹnu kọlẹ̀, bóyá ọkọ ló lọ, bóyá kò tilẹ̀ sí ohun kan pàtó tó ṣẹlẹ̀, torí àìsàn yìí kì í fi gbogbo ìgbà dúró de ìdí. Kò sùn dáadáa láti bí oṣù méjì. Orí ń gbóná, ara ń wúwo, ọkàn ò sí nínú òwò mọ́. Ó lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ oògùn ibà. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ibà náà ni wọ́n tún tọ́jú. Nígbà kẹta wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fi fítámì kún un. Kò sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni jẹ nínú gbogbo èyí. Òun sọ ibi tó ń dùn ún, nọ́ọ̀sì náà wo ibi tí wọ́n kọ́ ọ láti wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìbá yí ọ̀rọ̀ padà ni ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Láti ibẹ̀ ló ti di kóńkó-jabele. Ọ̀rẹ́ kan fún un ní hóró oògùn oorun, ó sùn, ó dùn mọ́ ọn, ó tọpa oògùn náà lọ. Lóòótọ́, ní ọdún 2017, àwọn ọlọ́pàá ya wọ Ajégúnlẹ̀, ìsọ̀ oògùn tó wà nínú Dantokpa, wọ́n sì kó oògùn lọ ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n agbọ̀n oògùn tí wọ́n ń ru kiri lórí kò ní àdírẹ́sì tí ọlọ́pàá lè ya wọ̀. Diazepam, oògùn oorun yẹn, ń múni sùn, kò sí iyèméjì. Bí èèyàn bá sì ń gbé e mì lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ kò ní í gbà láti sùn mọ́ àfi bó bá rí i, ìrẹ̀wẹ̀sì tó gbé e dé ìdí rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ digbí. Nígbà tó bá di oṣù kẹrin, wọ́n á mú un lọ sí ìṣọ́ òru. Ní oṣù kẹfà, àwọn àna rẹ̀ á ní ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe é. Ìgbà tí kò bá lè dìde lórí ẹní mọ́, tàbí tó bá ti ń sọ ọ́ pé ikú yá ju èyí lọ, ni ẹnì kan á tó dárúkọ Jacquot.

Ẹ ka iye ẹni tó ti sọ ọ́ fún. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́, ẹni tó ta oògùn, wòlíì, àna. Obìnrin yìí kò dákẹ́ lọ́jọ́ kan.

Jacquot ni orúkọ tí gbogbo Kùtọnú mọ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti fún un ní orúkọ tó gùn, tó sì níyì ju ìyẹn lọ. Lẹ́nu àwọn ọmọdé, èébú ni. Ẹni tó bá ń ṣe ségesège, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Jacquot. Kì í ṣe àwọn dókítà ibẹ̀ ló jẹ̀bi èyí. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn ti pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo ló wà fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 èèyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tó yẹ kó wà. Ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé oníṣòwò wa ni Jacquot wà, kò ní í gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé nítorí pé kò rí oorun sùn. Bó bá sì wọlé, ó máa jókòó ti ẹni tí wọ́n fi okùn dè wá. Nígbà tó bá délé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé báwo ni ara. Wọ́n á bi í pé ìgbà wo ló ya wèrè.

Ohun tó yẹ kí wọ́n máa pariwo ní gbogbo ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá rèé, tí ẹnikẹ́ni kò sì pariwo rẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn ń bá jà kò nílò dókítà ọpọlọ rárá. Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó láti tọ́jú wọn, bí wọ́n bá kọ́ ọ. Láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ètò mhGAP kalẹ̀ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìmọ̀ yìí má baà jẹ́ ti dókítà ọpọlọ nìkan. Ìbéèrè méjì ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣé inú rẹ ti ń bà jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́? Ṣé àwọn ohun tí o máa ń gbádùn ti di aláìdùn? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè mìíràn á tẹ̀lé e, títí kan ìbéèrè nípa ikú, èyí tí kì í fi ikú síni lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine àti amitriptyline wà nínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí ti àjọ náà. Oògùn àtijọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọjà àwọn olówó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni lẹ́yìn oògùn. Fluoxetine kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, inú lè máa ru, àyà sì lè túbọ̀ máa já. Ẹni tí wọn kò sọ èyí fún á da oògùn nù ní ọjọ́ karùn-ún, á ní wọ́n fẹ́ pa òun ni. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì yá lóṣù kejì á fi í sílẹ̀ ní wéréwéré, nígbà tó jẹ́ pé ó yẹ kó máa lò ó fún bí oṣù mẹ́sàn-án sí i. Nítorí náà ni ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ wà tí yóò pè é lórí fóònù nígbà tí kò bá wá, tí yóò bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà bó bá le ju agbára nọ́ọ̀sì lọ, tí yóò sì jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń bi í ní ìbéèrè. Èyí gan-an ni Kùtọnú kò ní. Pátákó ìpolówó wà, ètò rédíò wà. Alábàárìn kò sí.

Wọ́n ti dán irú ìtọ́jú yìí wò, kì í sì í ṣe ní Switzerland. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwé mhGAP kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ. Ní Harare ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda fi àwọn ìyá àgbà sí orí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ọkàn aládùúgbò wọn lọ́nà tí wọ́n kọ́ wọn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn, nígbà tí ó jẹ́ ìdajì láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé bẹ́ǹṣì yẹn sí. Ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ mọ yàrá tó kàn.

Ní Lomé tó wà nítòsí, àjọ Bluemind tí Marie-Alix de Putter dá sílẹ̀ ń kọ́ àwọn onídìrí láti gbọ́ ìṣòro oníbàárà wọn. Ó dára, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ onídìrí tí wọ́n kọ́ láti tẹ́tí, tí kò ní ilé ìwòsàn tó ṣe tán láti gba ẹni tó rán, ọkọ̀ ojú omi tí kò ní èbúté ni. A tún dé ibi tí a ti ń bọ̀: ibo ni kó gbà lọ?

Grégoire Ahongbonon mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ Benin ni, ọdún 1952 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ táyà ló lọ ṣe ní Côte d'Ivoire, ó di onítakisí, òwò rẹ̀ dojú dé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì mú un débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ọkùnrin tí kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn yìí ló dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, tó ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn alárùn ọpọlọ, tó kọ́ ilé ìtọ́jú sí Avrankou lẹ́bàá Àjàṣẹ́ àti sí ibòmíràn, tó sì ṣètò ibi tí aláìsàn ti lè máa gba oògùn nítòsí ilé lẹ́yìn tó bá padà sílé. Ní ọdún 2020, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Dr. Guislain nílẹ̀ Belgium. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú àìsàn tó ṣe òun fúnra rẹ̀ nígbà yẹn, tó wà ní Akpakpa lónìí, tó ń dìde lọ sọ́jà láàárọ̀ tó sì ń sunkún lálẹ́, ta ló ń dúró dè é? Àbí ó dìgbà tí wọ́n bá dè é mọ́ igi kó tó ní ẹ̀tọ́ sí hóró oògùn?

Ká sì tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣeé gbójú fò. Faransé ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ ní èdè ìyá rẹ̀, wọ́n tún ní kó wá sọ ọ́ ní èdè ilé ẹ̀kọ́ tí kò lọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, Faransé. Àlàyé ara páálí oògùn, Faransé. Ọmọ ọdún 12 ló ń túmọ̀ fún nọ́ọ̀sì pé ìyá òun fẹ́ kú, ó sì máa fo ìdajì rẹ̀, torí ọmọ ni. Ilẹ̀ tí rédíò ìjọba ti ń ka ìròyìn ní Yorùbá, ní Fon àti ní èdè mìíràn kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Nígbà ìdìbò, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Àwọn olùdíje máa ń sọ Gùn ketekete ní Akpakpa fún oṣù kan gbáko. Ìgbà tí wọ́n bá wọlé tán ni ahọ́n wọn tún máa ń yí padà sí ti Paris.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kí wọ́n lọ bá Thomas Adéoyè Lambo wí, dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn láìtì wọ́n mọ́lé ní Arò, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, tó ní kí ìbátan wọn máa bá wọn gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ìwé tí òun àti olùwádìí Alexander Leighton àti àwọn mìíràn tẹ̀ jáde ní 1963 lórí àwọn Yorùbá rí ìrẹ̀wẹ̀sì ní abúlé tí òyìnbó kò gbé. Àwọn mìíràn á ní àdúrà tó. Kò sí oògùn tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àwọn kan á ní owó kò sí. Owó wà fún bébà ìpolówó.

Àtakò tó kù ni ti àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn, òun nìkan ló sì yẹ fún ìdáhùn pẹ̀lẹ́: iṣẹ́ ti pọ̀, ìlà ti gùn, ẹ má tún kó ti ọkàn wá. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn yìí ti wà nínú ìlà náà tipẹ́. Oníṣòwò ará Sègbéyà yẹn ti wá nígbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tọ́jú ibà tí kò ní, á sì tún wá lóṣù tó ń bọ̀. Kí ilé ìwòsàn Sùúrùlérè ní Kùtọnú àti àwọn kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ ya nọ́ọ̀sì kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹni tó gbọ́ Gùn àti Yorùbá, tí fóònù àti ìwé orúkọ àwọn tó yẹ kó padà wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n má kọ ohunkóhun sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá bi obìnrin náà léèrè bó ṣe ń sùn, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn, ìlà oníbà á dín ẹnì kan.