Kí Ni Pásítọ̀ Tún Ń Wá ní Yunifásítì?

Àwọn àgbà ní àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dábọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé "Pẹ̀lẹ́, Olúwa yóò tù ọ́ nínú" nìkan kò lè dá a dúró. Nítorí èyí ni àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ṣe ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kí wọ́n lè gba oyè kejì nínú ìtọ́jú ọkàn àti ìgbaninímọ̀ràn. Àwọn kan sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: ṣé àdúrà ti tán ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ìwé wo ni àwọn baba ńlá kà kí wọ́n tó mọ bí a ti í tu ọlọ́fọ̀ nínú?

Òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. A kì í fi opó sílẹ̀ ní òun nìkan. Ará ilé a máa sùn tì í. Ẹni tí ó lọ dá Ifá kì í ro ẹjọ́ fún babaláwo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́. Babaláwo a máa ki ẹsẹ Ifá lọ, aláìní ìsinmi náà ni yóò sì dá èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó mọ ibi tí ó ti ń dun òun.

Ṣùgbọ́n agbo-ilé tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti fọ́n ká. Opó tí ó ń dá gbé yàrá kan ní Èkó kò ní ìyá àgbà tí yóò sùn tì í. Pásítọ̀ ni ó kù. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ náà ni wọ́n ń mú ọmọ tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lọ. Bí kò bá mọ̀ ju ààwẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n lè gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch jábọ̀ pé àwọn rí aláìsàn ọpọlọ tí a dè mọ́lẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ilé ìtọ́jú àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ní Nàìjíríà. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní ọdún 2023, ṣùgbọ́n òfin kì í kọ́ ènìyàn ní ìfetísílẹ̀.

Ìfetísílẹ̀ yìí gan-an ni oyè náà wà fún. Ní ọdún 1925, Anton Boisen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ rí, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn lọ sí irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní Worcester ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè kọ́gbọ́n lára aláìsàn bí wọ́n ti ń kọ́ ọ nínú ìwé. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ a bẹ aláìsàn wò, a kọ ohun tí wọ́n jọ sọ sílẹ̀, olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ a sì tú u wò: níbo ni ó ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu onísòro? Níbo ni ó ti wàásù nígbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́? Yóò kọ́ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí a wá dókítà.

Àléébù kan wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ opó kì í fi Gẹ̀ẹ́sì sunkún. Bí ó bá ní orí òun ń gbóná, tàbí ọkàn òun kò lélẹ̀, ta ni yóò ṣe ògbufọ̀? Kí àwọn olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá, bí ó ti jáde lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́.

Kí ìjọ tí ó ń dáwó kọ́lé yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó fi rán òjíṣẹ́ kan lọ kẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá sì dé, kí àwọn àgbà má fi ọgbọ́n tiwọn pamọ́ fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.